Sí Ìbíyẹmí, Kí Ó Tó Gbé Àpòòwé Iye Owó Oògùn Lọ sí Àkúrẹ́

Odode, Ìdànrè.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Ìbíyẹmí ọmọ mi,

Kí o tó ka ìlà kejì, jọ̀wọ́ dìde kí o ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá jẹ́ ìdí káńtà ni o jókòó sí, tí àwọn oníbàárà wà níwájú rẹ, ká lẹ́tà yìí padà sínú àpò rẹ títí o ó fi délé. Má kà á sókè. Má jẹ́ kí ọmọbìnrin tó ń bá ọ tajà rí i. Má ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù láti fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ, nítorí ohun tó bá ti wọ inú fóònù ìdílé wa ti wọ ọjà. Ọkọ rẹ lè gbọ́ kókó rẹ̀ láti ẹnu rẹ, ṣùgbọ́n kí ó má fi ojú ara rẹ̀ kà á. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí n kò fẹ́ kí àna mi rí. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ ọmú tí o mu.

O lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kúkú pè ọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé etí mi kò gbọ́ ti fóònù mọ́ àfi bí mo bá gbé e sí èyí tó ń pariwo. Bí mo bá sì gbé e síbẹ̀, gbogbo agboolé ni yóò dákẹ́ láti bá mi gbọ́. Nígbà tí mo ń kí ọ kú ewu ìrìn-àjò níjelòó, aládùúgbò wa ló bá mi dáhùn láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé, "Wọ́n ní àwọn ti délé, Bàbá!" Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ó máa ń rẹ ẹni tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé láti kọ̀wé gígùn. Ara àpò kòkó àti inú Bíbélì ni mo ti kọ́ ìwé kíkà tèmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fi rán ẹnu ẹlòmíràn.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde kí àyà mi lè balẹ̀. Iye tí o kọ sínú àpòòwé tí o fẹ́ gbé lọ sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, àwọn tí ẹ jọ ń du iṣẹ́ náà ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ ló tú u. Kì í ṣe ìyá rẹ. Èmi ni.

Má tíì bínú. Ka gbogbo rẹ̀ tán ná, kí o wá bínú lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí o wá kí wa lóṣù tó kọjá, o jókòó ti tábìlì, o sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé, inú mi sì dùn sí i. O ní àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba fẹ́ yan ilé oògùn tí yóò máa fún àwọn tó ní káàdì wọn ní oògùn ní agbègbè wa. O ní wọn yóò kọ́kọ́ wá yẹ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wò, láti mọ èyí tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí. Àwọn tó bá yege yóò wá kọ iye tí wọ́n lè gbà sínú ìwé, wọn yóò lẹ̀ ẹ́ pa, ẹni tí iye rẹ̀ bá rọ̀ jù ni yóò gbé iṣẹ́ náà. O fi ilé ìwòsàn tó ń san owó oṣù fún ọ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́, o wá ya ṣọ́ọ̀bù sí Ofosu lójú ọ̀nà márosẹ̀. Mo bi ọ́ pé bí o kò bá wá rí iṣẹ́ náà gbà ńkọ́? O wo ilẹ̀, o ní, "Bàámi, ṣọ́ọ̀bù yẹn ò ní rí ọdún kejì." Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi mọ́.

Lẹ́yìn náà lo sọ iye náà fún mi, o sì ní, "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Mo búra. N kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé Ọlọ́run kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Wọ́n sì ti kọ́ wa pé bí a bá ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sọ ọ́ ní pàtó. Mo mú ìwé ẹ̀bẹ̀ kan, mo kọ orúkọ rẹ sí i, mo kọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ wà, mo kọ iye náà gan-an tòun ti kọ́bọ̀ ìparí rẹ̀ kí ẹ̀bẹ̀ náà má baà ṣìnà, mo ká a sí mẹ́rin, mo jù ú sínú àpótí ní ẹnu ọ̀nà ilé àdúrà.

Láti ìgbà tí mo ti ń ju ìwé sínú àpótí yẹn, ẹnikẹ́ni kò tú u rí. A kàn máa ń kó wọn síwájú pẹpẹ, a ó gbàdúrà lé wọn lórí, ó parí. Àṣé Wòlíì tuntun tí wọ́n gbé wá fún wa gbà pé ó yẹ kí ìjọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe Àmín sí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, àná pé ọjọ́ mẹ́jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ka ti opó kan, ó ka ti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ó wá mú tèmi. "Ẹ bá mi gbé Àmín yìí wá láti ìsàlẹ̀ ikùn!" ni ó wí. "Arábìnrin wa Ìbíyẹmí, tó ń ta oògùn ní Ofosu! Kí ìjọba fọwọ́ sí iye rẹ̀!" Ó sì ka iye náà. Ó kà á ní Yorùbá, ó tún un kà ní Òyìnbó nítorí àwọn tí kò gbọ́ àkọ́kọ́.

Ní apá àwọn obìnrin, lórí ìjókòó kẹta, ni Màmá Dúró wà. O mọ̀ ọ́n: aya apoògùn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Aládé, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní Dókítà, òun náà sì ti kọ fọ́ọ̀mù fún iṣẹ́ kan náà. Nínú gbogbo ìjọ, Àmín tirẹ̀ ló ròkè jù.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ kọjú sí mi. "Bàbá Ìbíyẹmí, ẹ̀yin náà lẹ ní ògiri létí? Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ kí n dárúkọ iye tí mo ra tòmátì lójú fèrèsé? Ẹ wá gbé àṣírí ọmọ lé orí pẹpẹ, ẹ ní kí wọ́n bá yín kígbe Àmín sí i!" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bí mo bá dúró níbẹ̀ ni, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, mo gun ọ̀kadà lọ sí Aládé láti lọ bẹ̀ wọ́n. Mo bá Màmá Dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn.

"Màmá Dúró, ohun tí ẹ gbọ́ nínú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀."

"Ohun wo, Bàbá? Oorun ń kùn mí nígbà tí wọ́n ń ka ìwé ẹ̀bẹ̀."

"Iye ọmọ mi yẹn."

"Iye wo?" Ó yí ojú sínú ilé. "Dókítà! Ẹ wá gbọ́ o. Bàbá ní òótọ́ ni iye yẹn!"

Ọkọ rẹ̀ jáde, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, nítorí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀ sà. Bàbá, àwa rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n ka iye irọ́ síta ni, láti fi ṣì wá lọ́nà. A ti ń pè é ní ọgbọ́n àgbà láti ọjọ́ náà." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé àga fún mi. "Ẹ mu omi díẹ̀, sà. Ẹ ti ràn wá lọ́wọ́."

Ìbíyẹmí, mo mu omi náà. Kí ni n bá tún ṣe? Èmi ni mo fi owó ọ̀kadà ara mi lọ fi òǹtẹ̀ lu ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbà gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé e mì bí egungun ẹja, tí mo ń sọ fún ara mi pé bóyá yóò tán nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò tán. Ní àárọ̀ àná, ẹni tó jókòó tì mí nínú ìjọ bi mí pé, "Ṣé ọmọ yín ti gé iye yẹn wálẹ̀?" Wọ́n ti ń ta á létí ara wọn.

Ìbéèrè yẹn ló mú mi kọ̀wé yìí, nítorí mo mọ̀ ọ́. Bí o bá gbọ́ ìròyìn yìí láti ẹnu ẹlòmíràn, ohun àkọ́kọ́ tí o ó ṣe ni pé o ó ya àpòòwé náà, o ó gé iye rẹ. O ti sọ ọ́ lójú mi lórí tábìlì yẹn: "Bó bá le, màá gé e. Tí mo bá ti wọlé tán, màá mọ bí mo ṣe máa yí i." O sì tún sọ nípa ọkùnrin kan tó máa ń gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wá nínú búùtù mọ́tò, ní ìdajì owó, láìsí ìwé ẹ̀rí ibi tó ti rà á. O rẹ́rìn-ín sí i. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ìkíní nìyí: má gé iye náà nítorí Aládé.

Bí o bá tún jókòó ti ìṣirò rẹ, tí o rí i pé oògùn gidi, láti ibi gidi, ṣì lè wá ní iye tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kọ iye náà. Ìwọ lo kàwé oògùn, èmi kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nítorí pé wọ́n ti gbọ́ tìrẹ ni o ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ kan náà tí o fi gé iye ni o ó fi gé oògùn. N kò sọ èyí láti inú ìwé. Ìwọ kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí ìyá rẹ ti bá mi bò ó mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ ara wa.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà náà. Aṣojú àwọn tó ń ra kòkó ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yóò máa bá a kó kòkó jọ láti oko wá sí Aládé. Àwa méjì la ń du iṣẹ́ náà, èmi àti Akínrìnọlá. Ẹni tó bá gba èrè tó kéré jù lórí àpò kan ni yóò gbé e fún. Ẹnì kan wá ta mí lólobó iye tí Akínrìnọlá fẹ́ gbà. Mo sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀. Òun náà gbọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ tèmi. A ń sọ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi gba iṣẹ́ náà ní iye tí kò lè ra ọṣẹ ìfọṣọ fún mi. Inú mi dùn púpọ̀. Mo ra ọtí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi!

Nígbà tí ojú mi là, mo rí i pé n kò lè fi kòkó tó gbẹ dáadáa jẹun nínú èrè yẹn. Ni mo bá ń lọ bá àwọn alágbàṣe nínú oko, mo ń ra èyí tí òjò pa lórí ẹní, èyí tó ti bu, ní owó pọ́ọ́kú. Mo máa ń da kòkó tó dára sí ìsàlẹ̀ àpò, mo ń da èyí tó bu sí àárín, mo ń fi èyí tó dára bò ó lójú. Mo rán ẹnu àpò. Ta ni yóò mọ̀?

Ọjọ́ tí ìnsípẹ́kítọ̀ dé, kò tilẹ̀ tú ẹnu àpò. Ó mú irin gígùn kan tó ní ihò nínú, ó gún àpò ní ìhà, ó fà á yọ, ó sì da ohun tó bá a jáde sí àtẹ́lẹwọ́. Ó fi ọ̀bẹ là á. Ó wò mí, ó ní, "Ọ̀dọ́mọkùnrin, òkè ń kí mi dáadáa. Àárín ńkọ́?" Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tú gbogbo àpò mi sójú títì, wọ́n sì tú u. Akínrìnọlá ló kọ́kọ́ fún mi lórúkọ. Ó ní, "Àárín-Bu!" Kí oòrùn tó wọ̀, ọmọ kékeré tó ń lọ pọn omi ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Àárín-Bu ń kọjá o!" Iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi jẹ́ orúkọ yẹn. Nígbà tí mo lọ tọrọ ìyá rẹ, bàbá rẹ̀ wo ojú mi tìtì, ó ní, "Ṣé ìwọ ni Àárín-Bu?" Mo ní, "Èmi ni, sà." O rí ìdí tí n kì í fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé orúkọ wa sẹ́nu. Ẹ máa ń sọ pé ìfura mi ti pọ̀ jù. Ẹ kò tíì jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ibi tí ó burú sí. Kòkó ni wọ́n lè là, tí wọ́n ó fi rí àárín rẹ̀. Ta ló ń la hóró oògùn? Àwọn tí yóò wá gba oògùn lọ́wọ́ rẹ ní Ofosu, àwọn alágbàṣe oko kòkó ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá níhìn-ín. Bí oògùn tó yẹ kó mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ bá jẹ́ ẹfun lásán nínú wọn, wọn yóò ṣubú sábẹ́ igi kòkó olóko, àwọn ènìyàn yóò ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún wọn. Ìnsípẹ́kítọ̀ kankan kò ní irin tí yóò fi gún ìhà òkú. Ìwọ nìkan ni o ó mọ̀. Mo sì mọ̀ ọ́: o kò ní lè gbé e.

Ìkejì. Ọ̀rọ̀ fíríìjì.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o ní kí a fi fíríìjì ilé wa ránṣẹ́ sí Ofosu kí àwọn olùyẹ̀wò tó dé ní ọ̀túnla, kí wọ́n lè bá a níbẹ̀, kí a sì wá gbé e padà lọ́jọ́ kejì. Mo ka ìwé ìlànà tí o fi sílẹ̀ sórí tábìlì mi, ojú ewé kan lọ́jọ́ kan. Ó sọ pé kí ibi tútù wà fún oògùn tí kò fẹ́ ooru, bí oògùn àtọ̀gbẹ tí a ń fi abẹ́rẹ́ gbà. Kò sọ pé kí ibi tútù wà títí olùyẹ̀wò yóò fi bẹ̀rẹ̀ mọ́tò rẹ̀. Ọmọ mi, ṣé o mọ ohun tó ń gbé inú fíríìjì yẹn? Ọbẹ̀ ìyá rẹ, ẹja ìyá rẹ, àti ẹsẹ̀ màlúù tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ṣe ìkórè ìjọ. Bí ọkùnrin kan láti Àkúrẹ́ bá ṣí i, tí òórùn irú gbá a lójú, kí lo fẹ́ sọ fún un? Pé oògùn àtọ̀gbẹ ń rùn bẹ́ẹ̀?

Àwọn baba wa sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọ ènìyàn; bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Mo sọ èyí fún ìyá rẹ, ó ní òwe kì í mú nǹkan tutù. Òótọ́ ló sọ. Nítorí náà a ti ṣe báyìí: a kó gbogbo ohun inú fíríìjì náà jáde, a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì ń bọ̀ lọ́la nínú ọkọ̀ kan náà tó máa gbé lẹ́tà yìí. Má dá a padà. Tìrẹ ni. Ìyá rẹ yóò máa yan ẹja rẹ̀ bí ìyá tirẹ̀ ti ń yan án. Ra ohun tí a fi ń wọn bí inú rẹ̀ ti tutù sí, èyí tí ìwé ìlànà náà dárúkọ, kí o so ó sínú rẹ̀, kí o sì máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Má ṣe jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan kọ ti oṣù kan. Ẹni tó ń wo ìwé máa ń mọ̀. Bírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ìtẹ̀sí kan náà. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé láti ìgbà wo ni fíríìjì náà ti wà, sọ pé, "Àná ni." Kò sí ìtìjú nínú àná. Bí wọ́n bá sì ní nítorí ìyẹn kí o dúró di ìgbà mìíràn, dúró.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà tún wà. Ìyá rẹ ti ń wá ẹran ìgbẹ́ kiri, ó ní òun yóò gún iyán wá sí Ofosu fún àwọn olùyẹ̀wò. Ó ní àlejò kì í wá sílé ẹni kí ó gbẹnu gbígbẹ lọ. Mo ní àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àlejò. Ó ní, "Ènìyàn ni wọ́n, wọ́n ní ikùn." A ti ń fa èyí láti ọjọ́ Ẹtì, ó sì ti sú mi. Ìbíyẹmí, omi tútù nìkan ni kí o fún wọn, èyí tí a kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ iyán, tí o sì yege, gbogbo Ìdànrè yóò ní iyán ló yege. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, tí o kò yege, wọn yóò ní iyán náà kò dára. Bá mi bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Tìrẹ ló máa ń gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti jíjókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìlànà náà sọ pé kí apoògùn fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ta oògùn. O máa ń fi ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ fún ọmọbìnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kí o lè lọ ṣe ààbọ̀ iṣẹ́ ní Àkúrẹ́. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹnu ni a fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n tì í ní ọjọ́ tí o kò bá sí, kí o sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé o kò sí. Ilẹ̀kùn títì kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ tí kò mọ̀ ju kí ó ka àwọ̀ páálí lọ, tó sì ń fi ẹ̀rín ta oògùn, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ti Aládé lọ.

N kò nọ́ńbà àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́, nítorí mo ti gbàgbé ibi tí mo dé.

Ó ku ohun kan nípa Dókítà àti aya rẹ̀. Má bá wọn jà. Má fi ojú kan Màmá Dúró nínú ìjọ kí o sì gbé ojú sápá kan. N kò sì fẹ́ kí o sọ ohunkóhun nípa ṣọ́ọ̀bù wọn fún ẹnikẹ́ni. Mo rí páálí oògùn tó wà nínú oòrùn níwájú ilé wọn bí mo ti ń mu omi tí wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, n kò sì ní sọ ohun tí n kò mọ̀. Bóyá páálí òfìfo ni. Àwọn olùyẹ̀wò ní ojú. Wọn kò jí iye rẹ. Èmi ni mo gbé e fún wọn, mo sì tún tọ̀ wọ́n lọ láti jẹ́rìí sí i. Bí ó bá wù ọ́ láti bínú sí ẹnì kan, ilé mi kò jìnnà, o sì mọ ọ̀nà. N ó jókòó, n ó sì gbọ́ ọ títí yóò fi tẹ́ ọ lọ́rùn.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi le jù ní àwọn ibì kan. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìwọ ni ọmọ àkọ́kọ́ nínú ilé yìí tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri nínú férémù. Ní ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, tí mo rí ìwé ẹ̀rí náà, mo dúró níwájú rẹ̀, mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, o sì rò pé nǹkan mìíràn ni mo ń wò. Orúkọ bàbá rẹ ni mo ń wò lẹ́yìn tìrẹ. Kò sí "Àárín-Bu" níbẹ̀.

O ní lẹ́yìn tí wọ́n bá gba gbogbo àpòòwé ní ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò tú wọn lójú gbogbo yín, wọn yóò sì ka iye ẹnì kọ̀ọ̀kan síta. Mo ń bọ̀ ní Àkúrẹ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni n ó jókòó sí, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo ṣèlérí. Bí wọ́n bá dé orí orúkọ rẹ, iye tí o lè fi oògùn gidi dúró tì ni kí etí mi gbọ́. Bí Aládé bá sọ̀ sábẹ́ rẹ, kí wọ́n máa gbé e lọ. A ó dìde, a ó kí wọn kú oríire, a ó sì wọ ọkọ̀ padà sí Ofosu. N ó bá ọ ṣí ilẹ̀kùn ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, n ó sì jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà títí oníbàárà àkọ́kọ́ yóò fi dé. Bí ọdún kejì kò bá sì wá dé, o ó ti ilẹ̀kùn rẹ pẹ̀lú orúkọ rẹ lọ́wọ́.

Kí ìlú máa sọ ọ́. Kí wọ́n sọ pé bàbá rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀, wọ́n gbọ́ iye rẹ̀, wọ́n sọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì kọ̀ láti gé e. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń sá fún ẹnu ènìyàn. Èyí nìkan ni n kò ní sá fún.

Ìyá rẹ kí ọ. Kò mọ ohun tí mo kọ, má sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ màlúù.

Ó tán. Wá ìṣáná. Má fà á ya, nítorí ẹni tó bá ní sùúrù lè to ìwé tó ya pọ̀. Sun ún, kí o dúró tì í títí yóò fi di eérú, kí o sì da omi sí eérú náà kí o tó ṣí ilẹ̀kùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.